Ẹ Yí Àga Náà Dojú Délẹ̀ Kí Ẹ Tó Sanwó

Kò sí ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí tí kò tíì jókòó sórí àga tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Àga rọ́bà funfun ni, èyí tí kò lápá, tí a máa ń tò sábẹ́ kánópì níbi ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó àti òkú àgbà, tí ẹ tún máa rí níwájú ṣọ́ọ̀bù onídìrí àti lọ́dọ̀ ẹni tó ń lẹ táyà. Iṣẹ́ háyà ni mò ń ṣe ní Ìbàdàn: àga, tábìlì, kánópì, àti kúlà ńlá tí wọ́n ń kó ohun mímu sí. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí a máa bi mí pé irú àga wo ni kí àwọn rà, àbí kí àwọn kúkú pa ti rọ́bà tì, kí wọ́n kó Chiavari, àga aláwọ̀ góòlù tí wọ́n ń tò sí gbọ̀ngán ìgbéyàwó, tó gbòde báyìí. Ìdáhùn mi gùn ju ohun tí èèyàn lè sọ lórí fóònù lọ́jọ́ Jímọ̀, nígbà tí mọ́tò ń dúró dè mí lẹ́nu géètì. Òun ni mo ṣe jókòó kọ ọ́.

Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ kankan, torí kò ní ràn yín lọ́wọ́. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àga yìí pọ̀, ìrísí kan náà ni wọ́n sì ń ṣe. Lọ́dún yìí, ilé iṣẹ́ kan lè ta àga tó dára fún yín, kó tó di èèrùn tó ń bọ̀, wọ́n ti yí ohun tí wọ́n ń dà sínú rẹ̀ padà. Orúkọ tó wà lẹ́yìn àga kò ní sọ ìyẹn fún yín. Abẹ́ rẹ̀ ló máa sọ ọ́.

Nítorí náà, tí ẹ bá dé ọjà, ẹ má tètè jókòó. Kò sí àga tuntun tí kì í gbé èèyàn. Ẹ gbé e, kí ẹ yí i dojú délẹ̀. Láàárín gbùngbùn abẹ́ ìjókòó, ẹ máa rí kókó kékeré kan tí wọ́n gé lórí. Èmi ń pè é ní ìdodo, nítorí ibẹ̀ ni oúnjẹ gbà wọlé nígbà tí wọ́n ń bí i. Wóró ike ni wọ́n ń dà sínú ẹ̀rọ. Polypropylene ni orúkọ irú ike náà. Ẹ̀rọ á yọ́ ọ nínú ooru tó tó nǹkan bíi 220 lórí òṣùwọ̀n Celsius, á wá fi agbára ńlá tì í gba ojú ihò kan ṣoṣo yẹn wọ inú mọ́ọ̀dù irin tí wọ́n ti gbẹ́ inú rẹ̀ bí àga. Láti ìdodo ni ike gbígbóná ti ń ṣàn lọ sí ẹ̀yìn àga, tó ń ṣàn lọ sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Omi tútù tó ń gba inú irin mọ́ọ̀dù kọjá á mú kó le, mọ́ọ̀dù á ṣí, àga á jáde. Lórí ẹ̀rọ òde òní, gbogbo rẹ̀ kì í tó ìṣẹ́jú kan. Kò sí ìṣó, kò sí gọ́ọ̀mù, kò sí káfíńtà.

Ohun tí ìyẹn ń sọ fún ẹni tó fẹ́ rà ni pé ibi tó jìnnà jù sí ìdodo ni ike dé gbẹ̀yìn: etí ẹ̀yìn àga lókè, àti ìdí ẹsẹ̀. Tí wọ́n bá fi ìkánjú ṣe é, ibẹ̀ ni àṣírí ti máa ń tú. Ojú ike á rí wúruwùru, tàbí kí etí kan má pé. Ẹ tún wo àárín àwọn ihò gbọọrọ tó wà lẹ́yìn àga dáadáa. Ike tó ń ṣàn bọ̀ ní láti pín sí méjì kó tó lè yí ihò kọjá, kó sì tún pàdé ara rẹ̀ lódìkejì. Bí ó bá ti tutù jù kó tó pàdé, kì í dì mọ́ra tán. Ìlà tín-ín-rín kan á wà níbẹ̀ tí ẹ lè fi èékánná mọ̀. Ojú ìlà yẹn ni àga náà máa gbà là.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi ìka méjì di etí ìjókòó mú. Ike ibẹ̀ kì í nípọn ju mìlímítà 3 tàbí 4 lọ, ó sì yẹ kó rí bákan náà yíká. Àwọn oníbàárà mi kan gbàgbọ́ pé àga tó bá nípọn ló lágbára. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tó bá nípọn á pẹ́ kó tó tutù, á máa fa ibi tó ti le mọ́ra, àga á sì wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ya àga yìí kò lè fi ọ̀pọ̀ ike wá agbára, ìrísí ló gbọ́dọ̀ fi wá a. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú àga yìí nìyẹn. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀: kì í ṣe ọ̀pá, kì í sì í ṣe páìpù. Ike pẹlẹbẹ ni, tí wọ́n ká wọlé ní igun, tó fẹ̀ lókè níbi tó ti so mọ́ ìjókòó, tó sì ń tín-ín-rín lọ sísàlẹ̀. Ike tó wà nínú ẹsẹ̀ yẹn kò tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ gbogbo àga náà kò ju kílò 2 sí 3 lọ, àgbàlagbà tó fi ìlọ́po ogún-ún sí ọgbọ̀n wúwo jù ú ló sì ń gbé láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀.

Etí ìjókòó náà ká sísàlẹ̀ yíká, iṣẹ́ mẹ́ta ni ìká kan ṣoṣo yẹn sì ń ṣe. Kì í jẹ́ kí ìjókòó tẹ̀ bọ̀ọ̀. Kì í jẹ́ kí etí ike máa gé ẹni tó jókòó ní itan. Ó tún fún ọmọ tó ń kó àga wọ mọ́tò ní ibi tó máa di mú. Àwọn ìlà tó yọ jáde lábẹ́ ìjókòó, tó ń lọ sí ìhà ẹsẹ̀, eegun ni a ń pe ìyẹn lẹ́nu iṣẹ́ wa. Ẹ tọ eegun kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn, kí ẹ wò ó bóyá ó dé orí ẹsẹ̀ tàbí ó kú sáàárín ọ̀nà. Ilé iṣẹ́ tó fẹ́ dín ike kù á dá eegun dúró níbi tí oníbàárà kì í wò.

Ìrísí yìí kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ní 1946, ní Kánádà, D.C. Simpson ti ya àga oníke tó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ike tí èèyàn lè fi ṣe é ní ọ̀pọ̀ yanturu, ní owó pọ́ọ́kú, kò tíì sí. Ní 1954 ni Giulio Natta ní Ítálì rí ọ̀nà tó fi ṣe polypropylene tó le. Òun àti Karl Ziegler ará Jámánì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1963 nítorí iṣẹ́ wọn lórí irú ike bẹ́ẹ̀. Láàárín ìgbà yẹn, Helmut Bätzner ní Jámánì ti ṣe àga ẹlẹ́yọ kan tó jáde ní 1966, ṣùgbọ́n ike mìíràn tí wọ́n fi fọ́nrán gíláàsì kún ló fi ṣe é, kò sì pọ́ọ́kú. Ará Faransé kan, Henry Massonnet, ló wá gbé àga tó pè ní Fauteuil 300 jáde ní 1972. Ẹ̀rọ rẹ̀ ń bí àga kan kó tó pé ìṣẹ́jú méjì. Kò lọ fi òfin dáàbò bo ìrísí náà, gbogbo ayé sì wò ó ṣe. Òun ló fà á tí àga tó wà lábẹ́ kánópì mi fi jọ èyí tí wọ́n ń jókòó lé ní Íńdíà àti ní Brazil. Monobloc ni àwọn tó ń kọ́ nípa ìrísí nǹkan ń pè é.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ẹsẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni owó yín wà.

Ẹsẹ̀ àga rọ́bà là sí ìta. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé nítorí kó má bàa ṣubú ni. Ó ń ràn án lọ́wọ́ níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ bá dúró ṣánṣán, àga kò ní lè yọ kúrò nínú mọ́ọ̀dù, àga kan kò sì ní lè wọ inú èkejì. Ìwọ̀nba tí ẹsẹ̀ fi là yẹn ló fún mi ní iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Bí kò bá sí i, yàrá mélòó ni mo máa háyà láti kó àga tó kún gbọ̀ngán kan sí? Igun yàrá kan ni wọ́n ń gbà báyìí. Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára ògiri: bí àga bá dé ìlà ìsàlẹ̀, ó ti pé ogún, bó bá dé tòkè, ó ti pé ọgbọ̀n. Ọmọ iṣẹ́ tí kò lọ ilé ìwé púpọ̀ lè fi ojú kà á.

Ṣùgbọ́n ìlà yẹn kò wúlò tí àga bá ti wá láti inú mọ́ọ̀dù méjì. Ìmọ̀ràn tó ṣe pàtàkì jù lọ nínú gbogbo ohun tí mò ń sọ nìyí: ẹ má pa mọ́ọ̀dù méjì pọ̀. Àga méjì lè jọra lójú, kí ẹsẹ̀ ọ̀kan là díẹ̀ ju ti èkejì lọ. Ẹ kó wọn lérí ara wọn, wọ́n á tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí kí tòkè há. Àga tó bá há, ọmọ méjì ló máa fà á, níbi tí wọ́n bá sì ti ń fà á ni ẹsẹ̀ á ti ṣẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ ra àfikún, ẹ mú àga yín kan dání lọ sí ọjà, kí ẹ tì í wọ inú tiwọn wò lójú wọn. Ẹ má jẹ́ kó tì yín lójú. Èmi máa ń gbé tèmi sórí ọ̀kadà dé Ògùnpa.

Ìdánwò mìíràn wà. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á to mẹ́wàá lérí ara wọn, kí ẹ wá fi ọwọ́ kan fa ti òkè yọ. Ó yẹ kó yọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Àga tí wọ́n yà dáadáa ní ike kékeré kan tó yọ síta lábẹ́ ìjókòó, lẹ́bàá orí ẹsẹ̀, tó máa ń dá àga ìsàlẹ̀ dúró kó má bàa wọlé jù. Mo ti rí àga tí wọn kò fi ike kékeré yìí sí rárá. Ẹ tò wọ́n sínú oòrùn lọ́sàn-án, kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti di ẹyọ kan.

Wíwọ inú ara wọn yìí ní àǹfààní kan tí mi ò gbọ́ pé ẹni tó ya àga náà gbèrò rẹ̀. Bí bàbá tàbí màmá kan tó sanra bá dé òde, a kì í sọ nǹkan kan. Ọmọ iṣẹ́ á rọra ki àga kejì bọ inú ti àkọ́kọ́ kí àlejò náà tó jókòó, á ní, “Ẹ jókòó, sà,” ó parí. Ẹsẹ̀ mẹ́rin di mẹ́jọ, igun kọ̀ọ̀kan fara ti ìkejì rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ojú tì. Mi ò mọ àga mìíràn tó lè bo èèyàn láṣìírí báyẹn. Chiavari kò lè ṣe é.

Kí ló ń pa àga rọ́bà? Kì í ṣe ìwúwo lásán. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni ikú rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ló ń pa á, àwọn tó ń fẹ̀yìn tì, tí wọ́n á gbé ẹsẹ̀ iwájú sókè, tí wọ́n á wá máa tẹ fóònù. Gbogbo ìwúwo á bọ́ sórí ẹsẹ̀ méjì tí wọ́n yà fún ìdajì rẹ̀. Lórí ilẹ̀ eléruku, ẹsẹ̀ á dúró níbi tó wà. Lórí táìlì gbọ̀ngán, á máa yọ̀ lọ sẹ́yìn, á máa là sí i, títí á fi ṣẹ́ níbi tó ti so mọ́ ìjókòó. Fún ìdí yìí, mi ò kì í kó àga tó ti pẹ́ lọ sí gbọ̀ngán oní-táìlì. Ìta gbangba ni mò ń kó wọn lọ. Ní àkókò òjò, ìṣòro mìíràn ni: ẹsẹ̀ tí ìdí rẹ̀ jẹ́ etí ike lásán máa ń gé ilẹ̀ wọlé, àlejò á sì máa rì díẹ̀díẹ̀ bí àdúrà ṣe ń gùn. Ẹ wá èyí tí wọ́n fi ike pẹlẹbẹ dí ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wà lọ́jà, ẹ kàn ní láti wolẹ̀ kí ẹ tó rí i ni.

Ní ti alápá àti èyí tí kò lápá. Apá kì í ṣe fún ìsinmi ọwọ́ nìkan. Ó so ẹ̀yìn àga mọ́ ẹsẹ̀ iwájú, ẹni tó bá fẹ̀yìn tì, apá á fa díẹ̀ nínú ìwúwo rẹ̀ lọ síwájú. Bí ẹ bá gé apá kúrò, ìjókòó àti ìdí ẹ̀yìn nìkan ló kù tó máa gba gbogbo rẹ̀ mọ́ra. Àga tí kò lápá tí wọ́n bá yà dáadáa máa ń ní eegun tó pọ̀ sí i níbi tí ẹ̀yìn ti pàdé ìjókòó. Èyí tí wọ́n kàn gé apá rẹ̀ sọnù láì fi nǹkan kan dípò, ẹ máa rí i tó ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ẹ bá fi ọwọ́ tì í. Síbẹ̀, èyí tí kò lápá náà ló pọ̀ jù lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá wọ agbádá ń fẹ́ àyè, ẹni tó bá so ìró tó sì kó ìpèlé lé e ń fẹ́ àyè, apá àga sì máa ń fa léèsì ya. Mo wá ya ìwọ̀nba alápá sọ́tọ̀ fún àwọn àgbà tí orúnkún ń dùn, torí apá ni wọ́n ń tẹ̀ láti dìde.

Ihò gbọọrọ ẹ̀yìn àga kò ní kí n pẹ́ lórí rẹ̀. Ó ń dín ike kù, ó ń jẹ́ kí atẹ́gùn kọjá sí ẹ̀yìn ẹni tó wọ aṣọ òkè lọ́sàn-án gangan, ibẹ̀ nìkan sì ni ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ti ń ráyè ṣe oge: òmíràn ya òdòdó, òmíràn ya ìtànṣán oòrùn. Ẹ má torí òdòdó rà á. Èyí tó kan yín ni ihò kékeré tó wà láàárín ìjókòó, tí òjò ń gbà jáde. Àga tí kò bá ní in, aṣọ àlejò ló máa nù ún gbẹ.

Ohun tí wọ́n fi ṣe é wá ńkọ́? Ike gidi wọ́n, lẹ́búlẹ́bú ẹfun kò wọ́n. Ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ jèrè sí i á po ẹfun mọ́ ọn. Àga á wúwo díẹ̀, á le lọ́wọ́, inú oníbàárà á dùn pé ó nípọn, ṣùgbọ́n bó bá jábọ́ lórí mọ́tò, ṣe ni yóò fọ́. Ike tó dára máa ń tẹ̀, á sì padà sípò. Ẹ di ẹ̀yìn àga mú lókè, kí ẹ fà á wá síwájú díẹ̀. Bó bá tẹ̀, tó padà, ó dáa. Bí ibi tó tẹ̀ bá funfun fáú, tí fífunfun náà kò sì lọ, ẹ sọ pé ẹ ń bọ̀. Àwọn aláwọ̀ dúdú àti búráùn, ike tí wọ́n tún yọ́ ló sábà máa ń wà nínú wọn, nítorí àwọ̀ yẹn ń bo oríṣiríṣi. Kì í ṣe pé wọn kò dára rárá, mo ní díẹ̀ nínú wọn fún ìpàdé lánlọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ ra wọn ní iye owó ti funfun.

Oòrùn ni ọ̀tá ike yìí lọ́nà mìíràn. Àga tí wọ́n bá fi sílẹ̀ níta lójoojúmọ́, ojú rẹ̀ á máa bu, ẹ fi ọwọ́ nù ún, ẹfun funfun á bá yín lọ́wọ́. Ó ti ń kú nìyẹn. Ẹ kó wọn wọlé lẹ́yìn òde, tàbí kí ẹ fi tapólì bò wọ́n.

Ọ̀rọ̀ àmì pẹ̀lú. Gbogbo oníháyà ló ń kọ orúkọ sára àga, nítorí pé bí òde mẹ́ta bá wáyé ní àdúgbò kan lọ́jọ́ kan náà, àga á para pọ̀. Ọ̀dà kì í di ara polypropylene mú. Bó ti wù kí ẹ kùn ún tó, ẹ fọ àga náà lẹ́ẹ̀mélòó kan, á ṣí bí èèpá. Irin gbígbóná ni mo fi ń tẹ lẹ́tà méjì sábẹ́ ìjókòó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdodo, kì í ṣe sójú eegun. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ sórí ẹsẹ̀ láéláé.

Ó kan Chiavari. Mo bọ̀wọ̀ fún àga yìí ní ibi tó ti wá. Chiavari jẹ́ ìlú kan létí òkun ní Ítálì, kò jìnnà sí Genoa. Ní 1807, oníṣẹ́ igi kan níbẹ̀, Giuseppe Gaetano Descalzi, wo àga olówó kan tó wá láti Paris, ó ní òun á ṣe èyí tó fúyẹ́ jù ú lọ. Igi bíi ṣẹ́rì ló lò, ó gbẹ́ ọ̀pá rẹ̀ tín-ín-rín, ó fi ọ̀pá kéékèèké há ẹsẹ̀ síra wọn, ó sì hun ìjókòó rẹ̀. Gbogbo ọ̀pá tí ẹ ń rí lẹ́yìn àga náà àti láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ ní iṣẹ́ tó ń ṣe: igi tín-ín-rín kò lè dá dúró, ẹ̀yìn ara wọn ni wọ́n fi ń dúró. Nígbà tó di 1957, Gio Ponti, ará Ítálì tó ń ya ìrísí ilé àti àga, tẹ̀lé ipa ọ̀nà rẹ̀, ó ya àga tí wọ́n ń pè ní Superleggera fún ilé iṣẹ́ Cassina. Kílò 1.7 ni gbogbo ìwúwo àga igi náà, ó fúyẹ́ ju àga rọ́bà mi lọ.

Èyí tí wọ́n ń tà fún wa lónìí kì í ṣe igi. Ike ni, tàbí irin, wọ́n sì fi ọ̀dà góòlù kùn ún. Oríkèé tó wà lára ọ̀pá igi ni wọ́n ṣe sára ike náà fún ẹwà lásán. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni wọ́n fi bóòtù so ìjókòó mọ́ ẹ̀yìn, bóòtù yẹn sì máa ń tú bí mọ́tò bá ti ń gbọ̀n lọ lórí títì wa. Ẹ gbọ́dọ̀ ní sípánà nínú àpò. Tìmùtìmù rẹ̀ dá wà lọ́tọ̀, ẹ máa kà á lọ, ẹ máa kà á bọ̀, kò sì ní pé. Nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró ṣánṣán, ẹyọ díẹ̀ ló ń gun ara wọn, ọ̀dà ọ̀kan á sì máa fá ọ̀dà èkejì. Ẹ gbé e sórí koríko lẹ́yìn òjò, kí ẹ wo bí ẹsẹ̀ tóóró yẹn ṣe máa wọlẹ̀. Owó tí ẹ fi ra ọ̀kan, àga rọ́bà méjì ni, ṣéńjì á tún kù.

Mi ò ní sọ pé kí ẹ má rà á, nítorí mo ní i, owó tó sì ń wọlé lórí rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Bí ìyàwó ọ̀ṣìngín bá fẹ́ kí fọ́tò òun dára nínú gbọ̀ngán tí iná ti tàn yanran, àga rọ́bà kò lè bá Chiavari du ipò náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ga, kì í gba ojú fọ́tò, ẹ lè tètè so ríbọ́ọ̀nù mọ́ ọn. Àga fọ́tò ni. Ẹ rà á bẹ́ẹ̀, kí ẹ gba owó fọ́tò lórí rẹ̀.

Àga irin tó ń ká, èyí tí àwọn ìyá wa lò nínú iṣẹ́ yìí, mo ti tà á tán fún àwọn alákùfọ́. Ó lágbára o. Ṣùgbọ́n ó máa ń há èèyàn níka, ó ń dógùn-ún, àpá ìpẹtà rẹ̀ kì í sì í kúrò lára aṣọ funfun.

Àwọn kan máa ń fojú kéré àga rọ́bà torí pé kò wọ́n. Ìlú Basel ní Switzerland tilẹ̀ fi òfin lé e kúrò ní ojú pópó láti 2008 títí dé 2017, wọ́n ní ó ń ba ẹwà ìlú jẹ́. Wọ́n lè ní ìdí tiwọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Don Schoendorfer, ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà, ń wá ohun tó lè fi ṣe kẹ̀kẹ́ ìjókòó tí àwọn aláìní tí kò lè rìn máa gbà lọ́fẹ̀ẹ́, àga rọ́bà alápá funfun yìí ló gbé sórí férémù irin, ó fi táyà kẹ̀kẹ́ sí i. Ẹgbẹ́ tó dá sílẹ̀, Free Wheelchair Mission, ti pín kẹ̀kẹ́ ìjókòó tó ju mílíọ̀nù kan lọ káàkiri ayé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti ń lo oríṣi mìíràn kún un. Ẹni tó ń wá ìjókòó tó fúyẹ́, tí òjò kò lè bà jẹ́, tó sì wà lọ́jà níbi gbogbo, kò sí ibòmíràn tó máa yà sí.

Àbùkù rẹ̀ gan-an, lójú tèmi, ni pé kò ṣeé tún ṣe. Ẹsẹ̀ igi tó bá yẹ̀, káfíńtà á há a. Ẹsẹ̀ àga rọ́bà tó bá ṣẹ́, ó tán. Mo ti rí àwọn tó ń fi wáyà rán an, mo sì máa ń rí i lójú títì bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èmi kò jẹ́ fún àlejò olówó ní àga tí wọ́n rán. Àwọn tó ń ra ike àlòkù ni mò ń tà á fún. Ẹ wo abẹ́ rẹ̀: bí onígun mẹ́ta kékeré bá wà níbẹ̀, tí nọ́ḿbà 5 wà nínú rẹ̀, polypropylene ni, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín. Èyí tí kò bá ní àmì, wọ́n á yínmú sí i.

Bí mo bá máa fún wọn ní máàkì: àga rọ́bà funfun tí kò lápá, èyí tí eegun rẹ̀ dé orí ẹsẹ̀, tí ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀ dí, mo fún un ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, máàkì kan yẹn ló pàdánù nítorí táìlì. Alápá, mẹ́jọ. Chiavari oníke, márùn-ún nínú gbọ̀ngán, méjì lórí koríko. Ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀, kó ra funfun tí kò lápá láti inú mọ́ọ̀dù kan ṣoṣo, kó sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á bóyá irú rẹ̀ ṣì máa wà lọ́dún tó ń bọ̀. Bí ẹ bá sì ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi wá háyà, ẹ má kàn sọ iye èèyàn tó ń bọ̀. Ẹ sọ iye àgbà tó wà nínú wọn, bóyá ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ táìlì tàbí koríko, kí n lè mọ èyí tí mo máa kó sínú mọ́tò.